Bí Bóà Orí Igi Ṣe Ń Pa Ẹran Láìní Oró

Ejò kan wà nínú igbó kìjikìji Guyana, Suriname àti àríwá Bràsíl tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ìlà funfun sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bóà ni, ìyẹn irú ejò tó ń wé ẹran pa; Corallus caninus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò ní oró rárá. Orí igi ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń mú eku nínú òkùnkùn láìjẹ́ kó já bọ́.

Lọ́sàn-án, á ká ara lé ẹ̀ka, á gbé orí lé àárín ìká náà. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á na orí sísàlẹ̀, á wá máa ṣọ́. Kì í lé ẹran kiri. Àwọn kòtò kéékèèké wà lára ètè rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, iṣan tó ń mọ ooru ló sì wà nínú wọn. Bí ara eku bá ti gbóná ju afẹ́fẹ́ òru lọ, kòtò wọ̀nyí á gba ooru náà, ọpọlọ á sì dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ojú rí. Bí ejò ṣe ń mọ ibi tí eku wà gan-an nìyẹn.

Á wá ju orí sí i lójijì, ìrù rẹ̀ á ṣì di ẹ̀ka mú pinpin. Eyín iwájú rẹ̀ gùn púpọ̀ fún ejò tí kò ní oró. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé kó lè gún ìyẹ́ ẹyẹ já ni, ṣùgbọ́n eku àti ẹran onírun kéékèèké ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé lókè igi, ohun tó bá bọ́ lẹ́nu ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ló máa wé e. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé èémí ni bóà ń dí mọ́ ẹran nínú. Ìwádìí tí Scott Boback àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣàn mọ́. Boa constrictor, ìbátan ejò yìí, ni wọ́n lò: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ eku ti já wálẹ̀.

Bó ṣe so rọ̀ náà ló ṣe máa gbé e mì, orí ẹran ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lẹ̀ pọ̀ níwájú, torí náà apá ọ̀tún á sún síwájú, tòsì á tẹ̀ lé e. Bí ẹnu bá kún dẹ́nu, á ti ihò èémí rẹ̀ síta lábẹ́ ẹran náà, á sì máa mí lọ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún jẹun.

Erè ilẹ̀ wa ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n ọmọ ni bóà yìí ń bí. Pupa tàbí àwọ̀ ọsàn ni àwọn ọmọ náà máa ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọdún kan ni wọ́n ń di aláwọ̀ ewé. Ìyá kì í bọ́ wọn. Oníkálùkù ló ń wá ẹ̀ka tirẹ̀, tó sì ń dọdẹ fúnra rẹ̀.