Ọ̀pọ̀lọ́ ni ìyá iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì inú àwo

Gbogbo ẹni tó bá ń sin stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, nínú àwo láàbù lónìí, ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Àwọn kan á ní adìẹ ni. Wọ́n á pe Wilhelm Roux ní ẹlẹ́rìí, ọmọ Jámánì tó yọ díẹ̀ lára ọlẹ̀ inú ẹyin adìẹ lọ́dún 1885, tó fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dá a sí fún ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ìpamọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gbìn.

Kí Roux tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Sydney Ringer, oníṣègùn kan, ti wà ní London, ó ń wo ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ti yọ kúrò lára, tó ṣì ń lù kìkì nínú omi iyọ̀. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi po omi iyọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wá fi omi tí kò ní ìdọ̀tí kankan, tí wọ́n gbà láti ara oru, pò ó, ọkàn náà kọ̀, kò lù bó ṣe yẹ mọ́. Ní 1883, Ringer jẹ́ kó yé aráyé pé kálísíọ́ọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ló ń gbé e ró. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti mọ́: ohun tí ẹ̀yà ara ń mu ló ń sọ bóyá yóò yè. Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń la ọ̀pọ̀lọ́ ṣáájú rẹ̀ ti rí irú èyí rí, kí wọ́n má kà á sí. Ọ̀pọ̀lọ́ rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò béèrè ooru. Bí yàrá bá ṣe rí, ó tó o.

Ross Harrison, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́, ní yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, lọ́dún 1907. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn nígbà náà lórí okùn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọpọlọ inú orí: ṣé ara sẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń yọ, àbí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ọ̀nà ló ń pawọ́ pọ̀ hun ún? Harrison gé bíńtín lára ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti máa yọ, ó fi í sínú ẹ̀kán omi ara ọ̀pọ̀lọ́ lórí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi ara náà dì. Ó da gíláàsì ọ̀hún dé orí òmíràn tó ní kòtò láàárín, ẹ̀kán náà rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìrì, ó wá fi ìda dí etí rẹ̀ pa kó má bàa gbẹ. Ọwọ́ àwọn tó ń wá kòkòrò àrùn ló ti yá ọgbọ́n yìí. Ó jókòó ti máíkirosíkóòpù, ó sì rí okùn náà tó ń yọ lára sẹ́ẹ̀lì, tí orí rẹ̀ ń na ọwọ́ kéékèèké síwájú. Ìjiyàn bùṣe. Ní 1917, ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn rẹ̀ fún Ẹ̀bùn Nobel, àmọ́ ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ti ìṣègùn lọ́dún náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Alexis Carrel, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Faransé ní New York, ni òkìkí wá kàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Harrison ni igbákejì rẹ̀, Montrose Burrows, ti lọ kọ́ṣẹ́ ní 1910. Aṣọ dúdú ni Carrel àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ nídìí iṣẹ́, ó wá dà bí awo tí ọ̀gbẹ̀rì ò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀. Bíńtín ọkàn adìẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ní 1912, tí wọ́n ní kò ní kú láé, ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu: Leonard Hayflick, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn ní 1961 pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kò lárùn ń pín ní nǹkan bí ìgbà 50, kó tó dáwọ́ dúró.

Ìyókù kò pamọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Henrietta Lacks, obìnrin ará Amẹ́ríkà, dé ní 1951, stem cell ọlẹ̀ eku ní 1981, ti ènìyàn lọ́wọ́ James Thomson ní 1998. John Gurdon mú kókó inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó fi í sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń wẹ̀ nínú omi sì jáde níbẹ̀. 1962 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Shinya Yamanaka fi jíìnì mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì awọ eku padà sípò stem cell ní 2006. Àwọn méjèèjì ló jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn ti 2012.