Ìdàgbà Wóró Òkúta: Ohun Tó Ń Mú Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀ Ṣàn Tàbí Kó Lọ́ra

Níbi tí típà bá da gíráníìtì sí níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Mushin tàbí Ẹbúté Mẹ́ta, ẹ ṣa ẹyọ kan tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, kí ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Funfun wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, èyí tó ń dán náà wà. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ni wóró, ààlà sì wà níbi tí wọ́n ti fara kan ara wọn.

Wóró ló para pọ̀ di mantle náà, ìyẹn òkúta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ títí dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀. Òkúta líle ni o, kì í ṣe iná olómi bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Síbẹ̀ ó ń ṣàn, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún.

Agbára wà nínú ààlà wọ̀nyẹn, òkúta sì máa ń fẹ́ dín in kù. Bí ooru bá ti pọ̀ tó, átọ̀mù á máa kúrò lára wóró kékeré lọ so mọ́ ńlá, bí hóhó ọṣẹ kéékèèké ṣe ń pòórá tí ńláńlá ń fẹ̀ sí i. Ìdàgbà wóró nìyẹn.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Ọ̀nà kan tí òkúta líle ń gbà ṣàn ni pé átọ̀mù ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ wóró kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wóró bá ṣe tóbi tó ni ìrìn náà ṣe jìn tó. Kí wóró fẹ̀ ní ìlọ́po méjì péré, ṣíṣàn á le ní ìlọ́po mẹ́rin bí átọ̀mù bá la inú wóró kọjá, ìlọ́po mẹ́jọ bó bá jẹ́ pé ẹ̀bá ààlà ló tọ̀. (Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ka títóbi wóró sí.)

Ní nǹkan bí 660 kìlómítà nísàlẹ̀, àwọn òkúta a máa yí padà di bridgmanite àti ferropericlase, ìyẹn oríṣi èròjà òkúta méjì. Wóró tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, òkúta lè tipa bẹ́ẹ̀ rọ̀. Àwọn méjèèjì a sì máa dí ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má tètè dàgbà.

Èyí kan Áfíríkà gan-an. Òkúta gbígbóná kan tó tóbi bíi kọ́ńtínẹ́ǹtì wà jìnnà lábẹ́ wa. Lọ́dún 2025, àwọn olùwádìí ní Utrecht, ní Netherlands, kéde pé ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù agbára níbẹ̀, bó tilẹ̀ gbóná tó. Àlàyé wọn ni pé wóró ibẹ̀ tóbi, nítorí náà ó le, kò sì rọrùn fún ohun tó ń ṣàn yí i ká láti gbá a lọ.