Ọmọ Tó Ń Kígbe Lóru Kò Rí Iwin

Bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá dédé fò dìde lóru tó figbe ta, tí ojú rẹ̀ là kedere àmọ́ tí kò dá ìyá tó bí i mọ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ náà rí nǹkan. Wọ́n ní ohun tí àgbà kò rí, ojú ọmọdé á tó o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ á ti di ti iwin, ti ẹgbẹ́ ọ̀run tàbí ti àjẹ́ ìdílé. Ọmọ náà kò rí nǹkan kan. Oorun ló ṣì ń sùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni ọmọdé máa ń sun oorun ìjìkà jù. Apá ìdájí ni àlá pọ̀ sí. Nígbà tí ọpọlọ bá ń kúrò nínú oorun ìjìkà, apá kan lè jí kí apá kejì má tíì jí. Apá tó jí ló ń mú ọmọ jókòó, tó ń mú un ké, tí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì, tí òógùn fi ń bò ó. Apá tó ṣì ń sùn ni kò jẹ́ kó mọ ẹni tó di òun mú. Ìpayà ojú oorun nìyí. Ó sábà máa ń dé láàárín wákàtí 1 sí 3 lẹ́yìn tí ọmọ bá sùn, ó sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí nǹkan bí 10. Àárín àwọn ọmọ ọdún 3 sí 7 ló ti wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń wà nínú ẹbí, pàápàá níbi tí òbí ti máa ń rìn lójú oorun nígbà èwe. Àìsùntó, ibà, ìtọ̀ tó kún inú àti ariwo lè ta á jí.

Àlá burúkú yàtọ̀. Ìdájí ló ń wá, ọmọ á jí pátápátá, á dì mọ́ yín, á lè sọ ohun tó lá. Ẹ gbé e mọ́ra. Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ kó tó sùn tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Láti bí ọdún 3 sí 6, ọmọ ti lè fọkàn yàwòrán ohun tí kò sí, àmọ́ kò tíì lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára ohun tó wà. Aṣọ tó rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí fáànù ń fẹ́ lè di ojúju lójú rẹ̀, àgàgà bí a bá ti fi ojúju dẹ́rù bà á lọ́sàn-án nítorí kó lè jẹun. Bí àgbà bá wá ń fi ìgbálẹ̀ lé nǹkan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sán ni kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ náà fúnra rẹ̀, kó sì gbé e kúrò. Lálẹ́, ẹ fún un ní tọ́ọ̀ṣì kékeré tirẹ̀, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó padà wá wò ó ní ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì padà lóòótọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìpayà ojú oorun, ẹ má gbọ̀n ọ́n jí, ẹ má da omi sí i lójú. Ṣe ni jíjí tipátipá ń mú ìdàrúdàpọ̀ náà pẹ́. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ dí ẹnu àtẹ̀gùn ilé kó má bàa já bọ́, ẹ dúró tì í, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi rọlẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òwúrọ̀ ló ń dùn wá jù. Ọmọ kò rántí nǹkan kan, àmọ́ àgbà mẹ́ta ti yí i ká: “Kí lo rí? Ta ló ń pè ọ́? Ṣé màmá àgbà ni?” Ọmọdé máa ń fẹ́ fún àgbà ní ìdáhùn tí wọ́n ń wá, torí náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ìyá arúgbó di àjẹ́, tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ní Akwa Ibom, níbi tí ọ̀ràn yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìnílé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2008 ka pípe ọmọ ní àjẹ́ sí ọ̀ràn. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ fún un lóúnjẹ, kó máa lọ síléèwé.

Ẹ máa kọ aago tí ọmọ náà bá kígbe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ àkókò kan náà ni, ẹ rọra jí i ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 ṣáájú rẹ̀, kó tọ̀, kó padà sùn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ sì wo bó ṣe ń sùn sí: ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán pẹ̀lú.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Bí ara rẹ̀ bá ń le tó ń já pátipàti, tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru kan, ó lè jẹ́ gìrì tàbí wárápá. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà, nítorí ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tó lè ba ọpọlọ jẹ́. Bó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ ẹran tó wú lẹ́yìn imú. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan; bí dókítà bá wo fídíò náà, ó lè mọ púpọ̀ nípa ohun tó ń ṣe é.