Bí ọ́kẹ́sítírà kékeré ṣe ń rí orin tuntun: ti Basel

Ọ́kẹ́sítírà kékeré lè má ju ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn lọ, àwọn tó ń ta fáyólìnì, fíólà àti sẹ́lò ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Orin ayé àtijọ́ tó bá irú wọn mu pọ̀. Tòde òní ló ṣọ̀wọ́n, torí ọ́kẹ́sítírà ńlá ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé orin ń rò mọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tuntun, àfi kó gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan.

Ohun tí Paul Sacher ṣe ní Basel, ní Swítsàlandì, nìyẹn. Ọmọ ọdún 20 ni nígbà tó dá Basler Kammerorchester sílẹ̀ ní 1926. Orin tó ti pẹ́ gan-an àti orin àwọn tó ṣì wà láyé ló gbájú mọ́. Ní 1934 ó fẹ́ Maja Hoffmann, opó ọmọ ìdílé tó ni ilé iṣẹ́ òògùn Roche, owó iṣẹ́ kò sì wọ́n ọn mọ́.

Lẹ́tà ló máa ń ṣíde: irú ohun èlò tó wà, bí orin náà yóò ṣe gùn tó, ọjọ́ tí wọn yóò ta á. Èyí tí Sacher kọ sí Béla Bartók, òǹkọ̀wé orin ọmọ Hungary, ní 1936 sọ pé kó jẹ́ ti ohun èlò olókùn, pé ó lè fi dùùrù tàbí ìlù kún un, kó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kó má sì le jù. Ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bartók parí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì rọrùn rárá! Ó pín àwọn olókùn sí ọ̀wọ́ méjì tó kojú ara wọn, ó fi ìlù àti dùùrù sáàárín. Ní ìpín kẹta, onílù timpani ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù rẹ̀ kí ohùn lè máa yọ̀ lọ sókè sódò, bí ìgbà tí èèyàn bá fún ọṣán dùndún. Wọ́n kọ́kọ́ ta á ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, 1937.

Ní ti owó, ìlàjì ló sábà máa ń wọlé nígbà tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé, ìyókù di ìgbà tí ìwé orin bá dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ti oníkálukú kọ lọ́tọ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó jọ fún orin kan ṣoṣo. Kálukú á wá kọ́kọ́ ta á ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀.