Fáìlì yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ló dé tí Python ò rí i?

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ program, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí ti ya wèrè o." Mo ní kí ló ṣe. Ó ní fáìlì méjì ló wà nínú fódà kan náà, òun ní kí ọ̀kan import èkejì, ìyẹn kó pè é wọlé wá lò, Python ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. `ModuleNotFoundError: No module named 'owo'`. (Module ni wọ́n ń pe fáìlì Python téèyàn lè import.) Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, lóòótọ́ ni, `owo.py` rèé, `ere.py` rèé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ara wọn. Ó ti pa kọ̀ǹpútà ó tún ti tàn án, ó ti yọ Python kúrò ó tún ti fi padà, dátà ló kàn fi ṣòfò.

Mo bi í pé, "Fáìlì wo lo run?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ìyẹn?"

Ìyẹn gan-an ló kàn án. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, tó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ́ Python, ni pé tí fáìlì kan bá sọ pé `import`, ẹ̀gbẹ́ fáìlì yẹn ni Python á kọ́kọ́ wò. Ó jọ òótọ́. Kódà ó máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí gbogbo fáìlì èèyàn ṣì wà lójú kan nígbà yẹn, kò tíì sí fódà nínú fódà. Ọjọ́ téèyàn bá wá kó nǹkan sínú package tiẹ̀, ìyẹn fódà tí wọ́n ń kó module sí, fún ìgbà àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹ̀ á dojú rú, tí kò sì ní fura sí ohun tó gbàgbọ́ yẹn rárá, Python ni yóò máa fura sí, tàbí NEPA.

Python ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ní ni list kan tó ń jẹ́ `sys.path`, orúkọ fódà ló kún inú ẹ̀, òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó wá sí ìsàlẹ̀, ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí orúkọ tẹ́ ẹ pè ni yóò mú. Tí kò bá rí i dé ìsàlẹ̀, error. Ẹ kọ ìlà méjì yìí sókè fáìlì tẹ́ ẹ máa ń run kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i:

`import sys`
`print(sys.path)`

Fódà tí fáìlì tẹ́ ẹ run wà ló máa wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni èyí tẹ́ ẹ bá kọ sínú `PYTHONPATH`, ààyè kan lórí kọ̀ǹpútà téèyàn lè kọ orúkọ fódà míì sí fún Python, tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan kan síbẹ̀ o, lẹ́yìn náà ibi tí Python kó àwọn ohun tó bá a wá láti ilé sí, lẹ́yìn náà `site-packages` níbi tí pip, irinṣẹ́ tó ń bá wa gbé package àwọn ẹlòmíì wọlé, máa ń kó ẹrù sí. (Àwọn bíi `sys` àti `time` ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú Python fúnra ẹ̀ ni wọ́n wà, kì í wá wọn lórí list kankan.)

Ẹ wò ó dáadáa: fódà fáìlì tẹ́ ẹ *run*. Kì í ṣe ti fáìlì tí `import` wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń kọ ọ́ sórí list, nígbà tẹ́ ẹ tẹ Enter, fáìlì mẹ́wàá ì báà sì máa import ara wọn lẹ́yìn ìyẹn, ibi tẹ́ ẹ ti gbéra yẹn ni gbogbo wọn á máa lò. Ó dà bí ọlọ́kadà tó jẹ́ pé láti gáréèjì nìkan ló mọ ọ̀nà. Ẹ lè ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tẹ́ ẹ ń wá báyìí, kẹ́ ẹ ní "ilé kejì sí ibi tá a wà yìí ni," kò ní yé e. Ẹ júwe ẹ̀ láti gáréèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe gan-an. Ìyá wa ń gba àjọ ládùúgbò, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀, ó wá ní òun á kọ program kékeré tí yóò máa ṣírò iye tí oníkálukú ti dá, tí yóò sì yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ ti alájọ níparí oṣù. Bó ṣe tò ó rèé:

ajo/
    main.py
    isiro/
        `__init__.py`
        owo.py
        ere.py
    idanwo/
        test_owo.py

`main.py` sọ pé `from isiro import ere`. `ere.py` náà sọ pé `import owo`. Ó wá run `python main.py`, ó já sí error. Ó bínú, ó run `python isiro/ere.py` ní tààrà, ló bá ṣiṣẹ́! Ibẹ̀ ló ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára òun.

Kò sí iṣẹ́ ayé kankan níbẹ̀ jàre. Nígbà tó run `main.py`, `ajo/` ló wà lókè list. Python wo inú `ajo/`, ó rí `main`, ó rí `isiro`, ó rí `idanwo`, kò rí `owo`. Kì í wọ inú fódà lọ tú u wò tẹ́ ẹ ò bá ní kó wọ̀ ọ́. Ó lọ síbi tó kù, kò rí i, ó padà wá sọ fún yín. Nígbà tó run `ere.py` ní tirẹ̀, `ajo/isiro/` ló bọ́ sókè list, `owo` sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kóòdù kan náà, ibi tí wọ́n ti gbéra ló yàtọ̀.

Ohun tó ń mú kí ìgbàgbọ́ yìí le kú ni pé òótọ́ ni tẹ́lẹ̀ rí. Nínú Python 2, tí module bá wà nínú package tó sì ní `import owo`, Python á kọ́kọ́ wo inú package yẹn lóòótọ́. Python 3 tó jáde ní December 2008 ló pa ìyẹn rẹ́, torí ó ń da nǹkan rú, èèyàn ò lè wo ìlà kan kó mọ̀ bóyá fáìlì tiẹ̀ ni àbí ti Python. January 1, 2020 ni wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe Python 2 pátápátá, àmọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì látayé ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ṣì ń dà á kọ.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Nínú `ere.py`, ẹ kọ ọ́ láti gáréèjì: `from isiro import owo`. Tàbí kẹ́ ẹ fi àmì tótó sí i, `from . import owo`, àmì tótó yẹn ló ń jẹ́ "inú package tí èmi náà wà". Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀gbẹ́, òun nìkan lọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà sọ ẹ̀gbẹ́ fún Python 3. Èmi fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ torí ojú lásán ló fi ń rí ibi tí nǹkan ti wá.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, `python isiro/ere.py` tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á kọ̀. Tó bá jẹ́ èyí àkọ́kọ́, á ní òun ò mọ `isiro`, ó dáa, inú `isiro` lẹ ti gbéra, báwo ló ṣe fẹ́ rí `isiro` nínú `isiro`? Tó bá jẹ́ ti àmì tótó, á sọ pé `attempted relative import with no known parent package`. Gẹ̀ẹ́sì yẹn máa ń ba èèyàn lẹ́rù, ohun tó ń sọ kò ju pé "ẹ run mi bí ọmọ tí ò ní ilé, ẹ tún ní kí n wo àwọn ará ilé mi". Fáìlì tẹ́ ẹ bá run ní tààrà kì í mọ̀ pé òun wà nínú package kankan, `__main__` lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn.

Ibi tí `-m` ti wúlò nìyí. Ẹ dúró sínú `ajo/`, kẹ́ ẹ tẹ:

`python -m isiro.ere`

Àmì tótó la fi pààlà, a ò lo `/`, a ò sì fi `.py` sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá lo `-m`, fódà tẹ́ ẹ *dúró sí* ló máa wà lókè list, ìyẹn `ajo/`, Python á sì tún mọ̀ pé inú `isiro` ni `ere` wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdánwò, `python -m idanwo.test_owo`. Tẹ́ ẹ bá run `python idanwo/test_owo.py`, `isiro` ò ní sí níbẹ̀, ó sì yẹ kó ti yé yín ìdí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ibi tí mo dúró sí nínú terminal, ojú tí mo ti ń tẹ àṣẹ, ṣebí òun náà ni Python ń lò." Rárá o, àfi tẹ́ ẹ bá lo `-m` tàbí `-c` (tó ń run kóòdù tẹ́ ẹ bá tẹ síwájú ẹ̀), tàbí tẹ́ ẹ kàn tẹ `python` lásán tó ṣí sílẹ̀ fún yín. Ohun tó ń lo ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni `open("akosile.csv")`, tó ń ṣí fáìlì àkọsílẹ̀. Nítorí náà program kan lè rí gbogbo module tó ń wá kó má rí fáìlì CSV tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an, òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èmi fúnra mi fi odindi ọjọ́ Sátidé kan ṣòfò lórí ìyẹn rí.

PyCharm, app tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ Python, náà ń dá kún un, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì run nínú ẹ̀, ó máa ń fi fódà àgbà iṣẹ́ yín kún `PYTHONPATH` láìsọ fún yín, nǹkan á ṣiṣẹ́, ẹ ó wá gbé kóòdù kan náà lọ sí terminal tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ó kọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń júwe fún ara wọn fún àìsàn yìí pọ̀. Wọ́n á ní ẹ fi `__init__.py` sí i, fáìlì tó ń sọ pé package ni fódà kan. Ẹ fi í sí i, mo fọwọ́ sí i, àmọ́ láti Python 3.3 ní 2012 fódà tí ò ní in ṣì ṣeé import, kì í sábà jẹ́ òun ló ń fa `No module named`. Wọ́n á ní ẹ kọ `sys.path.append` síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín fi fódà kún list. Ó máa ṣiṣẹ́, títí tẹ́ ẹ fi máa gbé fódà kúrò níbi tó wà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń sọ pé "ẹ pip install ẹ̀". `owo` tàbí `utils` tẹ́ ẹ kọ fúnra yín, PyPI, ibi tí pip ti ń kó package wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ò mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé package síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó bá wù ú tẹ́nì kankan ò tíì gbà, àwọn oníjìbìtì sì mọ èyí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pip install orúkọ module tara yín, ẹ lè gbé kóòdù àjèjì wọlé tí yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀ níbẹ̀, error náà á lọ, ẹ ó rò pé ó ti tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo pip fún iṣẹ́ ara yín, ẹ kọ `pyproject.toml`, fáìlì tó ń júwe iṣẹ́ yín fún pip, sínú fódà àgbà, ẹ ṣí venv, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fún package iṣẹ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá tẹ `pip install -e .`, àmì tótó ìparí yẹn ló ń sọ pé ti ibí yìí ni. Látìgbà náà lọ `isiro` á wà lórí list níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti gbéra nínú venv yẹn. Fún iṣẹ́ fáìlì márùn-ún, `-m` ti tó.

Ìdàkejì wàhálà yìí náà wà. Torí pé fódà yín ló wà lókè list, tẹ́ ẹ bá sọ fáìlì yín ní `random.py`, orúkọ module tí Python ti ní tẹ́lẹ̀, tiyín ni Python á mú, á ní `random` ò ní `randint`. Láti Python 3.13 ó ti ń kì yín nílọ̀ nínú error náà pé ẹ yí orúkọ fáìlì padà, ó yá wọn lórí níkẹyìn.

Ti àwa Yorùbá nìkan: Python 3 gbà kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sórúkọ, `import ọ̀rẹ́` kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà tó lámì lórí tó tún lámì nísàlẹ̀, ọ̀kan pàtó ni Python máa ń yí tiẹ̀ sí, tí orúkọ fáìlì yín bá wá jẹ́ ọ̀nà kejì lórí Linux, ojú yín á rí i pé orúkọ kan náà ni, Python ò ní rí i. Ẹ fi àmì sínú ohun tí program ń kọ síta, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lórúkọ fáìlì.

Àbúrò mi yí ìlà kan padà nínú `ere.py`, ó dúró sínú `ajo/`, ó run `python main.py`, orúkọ àwọn oníbàárà ìyá wa jáde tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú owó wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó Ìyá Elépo ò pé." Mo ní ìyẹn kì í ṣe ti import, kó lọ wo ìwé àjọ.