Owó Ìtanràn Adójútòfò Ìlera Kò Tíì Kúrò Nínú Ìwé Owó Orí Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí mo ń bá ṣe ìwé owó orí ní Amẹ́ríkà ni ó gbà pé òfin tí ó ní kí olúkúlùkù ní adójútòfò ìlera ti kú pátápátá. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n apá tí ó kù lè sọ ènìyàn di onígbèsè.

Òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2010 kò dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ láti máa wá àwọn tí kò ní adójútòfò kiri. IRS, àjọ tí ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, tí ó sì ti mọ iye tí ń wọlé fún kálukú tẹ́lẹ̀, ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Láti ọdún 2014 títí di ọdún 2018 ni ẹni tí kò ní in fi ń san owó ìtanràn pọ̀ mọ́ owó orí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2016, ó ti tó dọ́là 695 fún àgbàlagbà kan, tàbí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdílé tí ó bá kọjá ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ní 2012, márùn-ún nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ gbà pé agbára ìjọba láti bu owó orí gba èyí láyè.

Síbẹ̀, òfin kan náà ni kò gba IRS láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé ilé tàbí owó oṣù ẹnikẹ́ni nítorí ìtanràn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé e lọ sí kóòtù ọ̀daràn. Ohun tí ó rọrùn fún un nígbà náà ni pé kí ó yọ ọ́ nínú refund, ìyẹn owó orí àsanjù tí ìjọba ń dá padà. Èyí kò dára lójú mi, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ń fojú sọ́nà fún refund lọ́dọọdún ni ó kọ́kọ́ dùn.

Òfin owó orí ti oṣù kejìlá ọdún 2017 sọ ìtanràn ìjọba àpapọ̀ di òdo láti 2019, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ní tiwọn. Massachusetts ti ní tirẹ̀ kí Obama tó dórí oyè. New Jersey àti ìlú Washington bẹ̀rẹ̀ ní 2019, California àti Rhode Island ní 2020. Ẹni tí ó bá kó láti Texas, níbi tí kò sí irú ìtanràn yìí, wá sí Newark ní New Jersey kò gbọdọ̀ rò pé òfin kan náà ni. Àwọn ìdáríjì wà fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré tàbí tí adójútòfò rẹ̀ já fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ yín wò dáadáa, kí ẹ sì béèrè fún un níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ra adójútòfò lórí Marketplace, ọjà adójútòfò tí ìjọba dá sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má ṣe fi ìwé owó orí ránṣẹ́ kí fọ́ọ̀mù 1095-A, ìwé tí Marketplace fi ń sọ iye ìrànwọ́ tí ẹ gbà, tó dé. Òun ni a fi ń kọ fọ́ọ̀mù 8962, níbi tí IRS ti ń fi owó tí ẹ sọ pé yóò wọlé, èyí tí wọ́n fi ṣírò ìrànwọ́ náà, wé èyí tí ó wọlé gan-an. Láti ọdún owó orí 2026, kò sí òdiwọ̀n mọ́ fún iye tí ẹ lè dá padà bí ìrànwọ́ náà bá pọ̀ jù. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó bá gba iṣẹ́ kejì ní oṣù kẹfà níláti sọ fún Marketplace ní oṣù kẹfà náà, kí ó má dúró di àsìkò owó orí.