Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú eyín tó lu, kó tó di yíyọ

Kòkòrò ló jẹ eyín, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò kankan tó ń rìn nínú ihò eyín. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ló lẹ̀ mọ́ eyín, tó ń jẹ ṣúgà tó ṣẹ́ kù sẹ́nu, tó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń jẹ eyín wọlé, ibi tó bá sì jẹ ẹ́ dé ló ń sọ irú ìtọ́jú tí yóò gbà.

Bó bá jẹ́ àbàwọ́n funfun bí ẹfun lásán, tí ojú eyín kò tíì lu, kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹ̀rọ gbẹ́. Dókítà á nu eyín gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, sí i. Agbára èyí tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ 22,600 ppm, ìyẹn ìdá 22,600 nínú mílíọ̀nù kan. Ti ọṣẹ ìfọyín kì í sábà ju 1,500 lọ. Kálísíọ́ọ̀mù inú itọ́ á padà wọnú eyín, ibẹ̀ á tún le.

Tó bá ti lu, ó di dídí. Abẹ́rẹ́ lidocaine, tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ mọ ìrora, ló kọ́kọ́ ń wọlé. Tó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni, ìdajì ètè náà á kú, kí aláìsàn má sì jẹun títí ibẹ̀ á fi jí, kó má baà gé ara rẹ̀ létè jẹ. Ẹ̀rọ á gbẹ́ ibi tó jẹrà, irin ẹlẹ́nu ṣíbí á ha ibi tó rọ̀. Etí ihò gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tó ti sún mọ́ iṣan tó wà láàárín eyín, tó ń mọ ìrora, dókítà tó mọṣẹ́ á kúkú fi díẹ̀ sílẹ̀ ju kó lu iṣan lọ.

Èròjà funfun, composite, ló gbòde báyìí. Wọ́n á fi ásíìdì phosphoric 37% ra inú ihò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á fomi ṣàn án, wọ́n á kun gọ́ọ̀mù kan sí i, kí wọ́n tó máa kó èròjà náà sí i ní ìpele-ìpele tí kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tan iná búlúù sí kó lè le, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Tí dókítà bá ń kánjú, tó kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, iná kò ní dé ìsàlẹ̀. Èròjà á súnkì, á yọ lára eyín, bakitéríà á sì gba etí rẹ̀ wọlé. Itọ́ náà ọ̀tá ni: bó bá kán sójú gọ́ọ̀mù, kò ní lẹ̀ dáadáa, ìdí tí wọ́n fi ń ki òwú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn. Níparí, aláìsàn á fi eyín tẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní tàdáwà lára. Ibi tí tàdáwà bá ti hàn ketekete ló ga jù, wọ́n á sì ha á. Tí wọ́n bá gbójú fo èyí, eyín á máa dunni ní gbogbo ìgbà tí a bá fi rún oúnjẹ.

Níbi tí iná mànàmáná kò sí, irin ọwọ́ àti sìmẹ́ńtì eyín tó ń le fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní àwọn ọdún 1980.

Eyín tó ń jí èèyàn lóru, iṣan rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Dídí nìkan kò ràn án mọ́. Nígbà mìíràn ìrora á dédé dá, aláìsàn á ní Ọlọ́run ti bá òun ṣe é. Iṣan ló kú o! Ọyún ń gbárajọ sídìí gbòǹgbò. Wọ́n á la eyín láti òkè, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kó iṣan jáde, wọ́n á fi hypochlorite, ohun kan náà tó wà nínú bílíìṣì ìfọṣọ, fọ inú gbòǹgbò, kí wọ́n tó fi gutta-percha, tó jọ rọ́bà, dí i. Eyín ńlá ẹ̀yìn lókè sábà máa ń ní ihò 4 nínú gbòǹgbò 3, ìkẹrin a sì máa fara sin. Èyí tí wọn kò bá rí nínú wọn ló ń dá ọyún padà. Wọ́n tún sábà máa ń fi adé, ìyẹn ìbòrí líle tó rí bí eyín, bò ó, torí eyín tí inú rẹ̀ ti ṣófo máa ń là.

Yíyọ ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè nítorí owó. Aláìsàn á fi eyín tẹ òwú mọ́ ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu, kò gbọ́dọ̀ fi agbára tutọ́, kò gbọ́dọ̀ mu sìgá: ẹ̀jẹ̀ dídì ló bo egungun inú ihò náà, bó bá ṣí kúrò, ìrora ńlá á dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì.